Résìn Kì Í Dúró De Èèyàn

Obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá mi lọ́nà Àrò l'Abẹ́òkúta lóṣù tó kọjá. Ó yí ọkọ̀ fáíbà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka kàn án kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni tó fẹ́ ra igbá, ó ní èló ni. Inú mi dùn, mo rò pé ó fẹ́ gbé e lọ sódò ni. Ó ní rárá o, ẹja àrọ̀ lòun fẹ́ máa sìn nínú ẹ̀.

Látọjọ́ yẹn lọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ọkọ̀ tó yẹ kó wà lórí omi, omi ni wọ́n fẹ́ dà sínú ẹ̀. Mo gbìyànjú kí n fi ṣẹ̀rín, ẹ̀rín ò wá, torí èmi ni mò ń bá Bọ̀dá kọ ìwé owó, èmi náà ni mò ń fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn látọdún 2020, "ó kù díẹ̀ sà", "ẹ bá wa ní sùúrù sà", "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lágbára Ọlọ́run", títí tí èmi gan-an ò fi gba ara mi gbọ́ mọ́.

Tẹ́nikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ṣe ọkọ̀ yìí, ìdáhùn mi ti wà nílẹ̀: Kòrónà ni, kónílé-ó-gbélé ló pa iṣẹ́. Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn ún sọ, torí kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ ní ìbéèrè kejì. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo fi ń ro ọ̀rọ̀ obìnrin ẹlẹ́ja yìí, mo lọ ka àwọn nǹkan tí mi ò ráyè kà nígbà yẹn, mo wá rí i pé àbọ̀ òótọ́ ni mo ti ń sọ kiri. Kòrónà ò pa iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ó gbé e ga ni, ó gbé e ga débi pé ọwọ́ àwa tá a wà nísàlẹ̀ ò tó o mọ́.

## Alhaji àti ọkọ̀ méjì

Ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni Alhaji wá. Wọ́n nílẹ̀ lápá Ọ̀yán, létí omi ìsédò tí Shagari wá ṣí lọ́dún 1983 yẹn, wọ́n sì fẹ́ sọ ibẹ̀ di ibi táwọn èèyàn á ti máa wá jẹ ẹja yíyan lópin ọ̀sẹ̀, kí tọkọtaya wọkọ̀ yípo díẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n máa lọ. Ọkọ̀ méjì, ẹsẹ̀ bàtà 18 níkọ̀ọ̀kan, àga onífóòmù tó dáa, ìbòrí, ẹ́ńjìnì kan tó lágbára ẹṣin 40 nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ wálé fún Bọ̀dá ni táǹkì omi àti bọ́ńpà mọ́tò, pẹ̀lú ère kìnnìún táwọn olówó máa ń gbé síwájú géètì (mi ò tíì mọ ohun tí kìnnìún ń wá níwájú géètì, àmọ́ owó lowó ń jẹ́). Ọkọ̀ ojú omi gan-an ni wọ́n kọ́ṣẹ́ ẹ̀ l'Ékòó nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, nítorí náà nígbà tí Alhaji sọ̀rọ̀ yẹn, ojú Bọ̀dá dán bíi tọmọ tí ìyá ẹ̀ tọjà dé. Wọ́n gba àsansílẹ̀, wọ́n ra dúrọ́ọ̀mù méjì résìn, ìyẹn kẹ́míkà ṣíṣàn tá a máa ń dà sára màátì fáíbà kó lè dì kó sì le, wọ́n ra màátì fáíbà, wọ́n sì fi owó tó pọ̀ jù níbẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá wa gbé ẹ́ńjìnì wọlé l'Ékòó. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta nìyẹn.

Ẹ rántí pé ọkùnrin ará Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn yẹn lára ẹ̀ ní Nàìjíríà lópin oṣù kejì, Ewékorò níbí ló bá iṣẹ́ wá. Ewékorò! A gbọ́, a ò kà á sí, a ń ra résìn lọ. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Ògùn, Èkó àti Àbújá ti fi bí ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú wa. Alhaji fúnra wọn ló pè wá pé ká fọkàn balẹ̀, oṣù méjì péré ni gbogbo ẹ̀.

## Ó ń fà bí ewédú

Ẹni tí ò ṣe fáíbà rí lè rò pé résìn dà bí ọ̀dà, pé tó o bá ti dé e, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Résìn ní ọjọ́ orí. Látìgbà tó bá ti kúrò nílé iṣẹ́, oṣù mélòó kan ló ní, ibi tútù ni wọ́n sì ní kẹ́ ẹ gbé e sí. Ibi tútù wo ló wà l'Abẹ́òkúta, nílùú tí àpáta ń mu oòrùn látàárọ̀ tó sì ń tú u jáde lálẹ́? Tọ́jọ́ ẹ̀ bá ti ń lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki, kẹ́ ẹ má tíì po hádínà tó ń mú un dì mọ́ ọn rárá o, fúnra ẹ̀ ló máa dì, tó bá sì ti dì nínú dúrọ́ọ̀mù, kò sóògùn ẹ̀ mọ́, ẹ máa yí i lọ dànù ni.

Nígbà kónílé-ó-gbélé, wọ́n ń gbà wá láyè ká jáde láwọn ọjọ́ kan, aago méje àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Àwọn wákàtí yẹn ni Bọ̀dá fi ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́ títí tó fi jáde nínú móòdù. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Òkè ló kù, níbi tí àga máa wà. Bọ̀dá ò fẹ́ lọ síwájú tí ẹ́ńjìnì ò bá tíì dé, torí bí ẹ́ńjìnì bá ṣe wúwo tó ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa fún ẹ̀yìn ọkọ̀ lágbára, àti ibi tí wọ́n máa gbé àga sí kí ọkọ̀ má bàa kánjú sọrí kodò. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Nítorí náà a dúró. Oṣù karùn-ún lọ, oṣù kẹfà lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù keje, Bọ̀dá ní kí n máa bọ̀. Dúrọ́ọ̀mù kan ti tán, ó ku ọ̀kan. Wọ́n ṣí i, wọ́n ti igi bọ̀ ọ́, wọ́n gbé igi náà sókè. Résìn tó dáa máa ń ro wálẹ̀ bí oyin ni. Eléyìí ń fà. Ó fà láti ẹnu igi dénú dúrọ́ọ̀mù, ó fà, kò já, bí ewédú tí wọ́n fi káún sí jù. Bọ̀dá ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n kàn ń wo igi yẹn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, torí ìwé owó wà lọ́wọ́ mi: tí résìn yìí bá fi lè dì, kò sówó tá a máa fi ra òmíì.

Olùkọ́ kan sì ti wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC ń padà bọ̀ nínú oṣù kẹjọ, wọ́n ní ilé ìwé gbọ́dọ̀ ní ibi ìfọwọ́, ó fẹ́ bàsíà mẹ́wàá tó ní ẹsẹ̀ kíákíá. Ṣọ́ọ̀ṣì méjì àti mọ́ṣáláṣí kan náà ti bèèrè irú ẹ̀.

Bọ̀dá bi mí pé, "Kí ni ọkùnrin Èkó yẹn tún wí?"

Mo ní, "Ó ní kò tíì sí ọjọ́ kan pàtó. Ó ní ọjà ẹ́ńjìnì ti gbóná jù lókè òkun, pé àwọn èèyàn ń jà sí i."

Bọ̀dá pòṣé. "Gbogbo ayé ò lè jáde nílé, wọ́n wá ń jà sí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ìgbafẹ́? Ó ti náwó wa ni."

Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ó ti náwó wa. Mo sì fi ọ̀rọ̀ burúkú kan kún un tí mi ò ní kọ síbí.

Wọ́n gbé igi náà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Pe olùkọ́ yẹn. Ọkọ̀ lè dúró, résìn kì í dúró de èèyàn."

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, dúrọ́ọ̀mù yẹn ti di bàsíà tán. Òkè ọkọ̀ Alhaji pẹ̀lú odindi ọkọ̀ kejì, àwọn ọmọ ilé ìwé ló fọwọ́ nínú ẹ̀. Mo ṣì máa ń rí ọ̀kan tí mo bá gba Asẹ́rò kọjá, ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀ ti já, wọ́n ti gbin òdòdó sí i.

## Wọ́n ń jà sí i lóòótọ́

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyí o: ọkùnrin Èkó yẹn ò purọ́ kankan.

Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà náà tilẹ̀kùn lópin oṣù kẹta sí oṣù kẹrin 2020. Ẹ̀rù bà wọ́n pé irú 2008 ló tún dé, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kógbá wọlé, nítorí náà wọ́n rọra, wọ́n dín ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kù. Kò ju bí oṣù méjì lọ, ayé yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Èèyàn ò lè wọ bàálù, kò lè lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí pápá bọ́ọ̀lù, owó tí wọ́n fẹ́ fi rìnrìn àjò wà nílẹ̀, èlé báńkì wálẹ̀, àwọn míì sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ látilé. Ibo lèèyàn lè kó ìyàwó àtọmọ lọ tí kò ti ní pàdé ẹni tó ń húkọ́? Orí omi ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tuntun tí wọ́n tà níbẹ̀ lọ́dún yẹn lé ní 310,000, wọn ò rí irú ẹ̀ láti ṣáájú 2008, ẹ tún wá fojú inú wo 415,000 èèyàn tí wọn ò ra ọkọ̀ rí láyé wọn, tuntun tàbí àlòkù, tí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ sọ́jà lọ́dún kan ṣoṣo.

Nígbà tí Bọ̀dá ń ti igi bọ résìn l'Abẹ́òkúta, àwọn tó ń ta ọkọ̀ lọ́hùn-ún ti tà títí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn fi mọ́ gbalaja, wọ́n wá ń kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ fún ọkọ̀ tí wọn ò tíì ṣe. Àwọn míì dúró di 2021, àwọn míì di 2022. Ẹ́ńjìnì wà lára ohun tó kọ́kọ́ di wàhálà, torí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ò ju péréte lọ láyé, Jàpáànù àti Amẹ́ríkà ni èyí tó lórúkọ jù, wọn ò sì lè fi oṣù kan kọ́ ilé iṣẹ́ míì. Tí nǹkan bá wọ́n báyìí, ẹni tó ń ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́dọọdún ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó fẹ́ méjì péré, ó di ọjọ́ míì. Ẹ tún wá fi tiwa kún un, ibi tí dọ́là kan ti wà ní nǹkan bíi 306 náírà ní báńkì níbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó fi di 380 kí oṣù kẹjọ tó parí, ti àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó tún wá ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Kí ọkùnrin Èkó tó rí ẹni dá a lóhùn, owó ọwọ́ ẹ̀ ti yọ́.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i bó ṣe rí. Èrò wa ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ọkọ̀ mọ́ láyé. Ó wá jẹ́ pé gbogbo ayé ló fẹ́ ẹ.

## Tìmùtìmù lè dá ọkọ̀ dúró

2021 ló wá burú jù. Ọkọ̀ ò dà bí iṣu tí wọ́n lè gé ìdajì ẹ̀ tà. Gíláàsì iwájú, wáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ bí omi ṣe jìn tó, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń fà á lórí ilẹ̀, ìkankan tí ò bá ti dé, ọkọ̀ olówó gọbọi máa jókòó sínú ọgbà ilé iṣẹ́ bí mọ́tò tí táyà ẹ̀ jò. Ṣíìpù kọ̀ǹpútà ò tó fún ilé iṣẹ́ mọ́tò, ibo ni wọ́n ti máa rí ti ẹ̀rọ ojú omi? Nínú oṣù kejì ọdún yẹn, òtútù àti yìnyín bo Texas l'Amẹ́ríkà, iná mànàmáná lọ (káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará wa), àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tó wà níbẹ̀ kú fin-ín. Ibẹ̀ sì wà lára ibi tí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe fóòmù àti résìn ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ilé iṣẹ́ ń ṣe ọkọ̀ tán, àga ò sí, torí fóòmù ò sí.

Mo rántí pé lọ́dún 2021 yẹn mo lọ ra fóòmù ibùsùn ní Kútọ̀. Iye tí màmá tó ń tà á pè mú kí n fẹ́ máa lọ. Mo ní, "Màmá, fóòmù ni mo fẹ́ rà o, n ò ra ilẹ̀." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní kẹ́míkà ò wọlé, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Mo rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni, mo sì bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiwọn, iye kan náà ni wọ́n pè. Èmi tí mò ń wá ibi tí mo máa sùn lé, àti bàbá kan ní Florida tó ń wá ibi tó máa jókòó lé lórí omi, ohun kan náà la jọ ń wá. Mi ò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí.

Lóṣù kẹta, ọkọ̀ òkun ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Ever Given tún lọ há ní Suez, ọ̀nà omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà kọjá ní Íjíbítì, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi dínà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, owó tí wọ́n fi ń gbé kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 lórí òkun, tí kò ju nǹkan bíi 1,400 dọ́là lọ ní 2019, ti lé ní 10,000. Ẹni tó bá ṣì ń sọ fún kọ́sítọ́mà pé "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" lásìkò yẹn, bíi tèmi, Ọlọ́run ló máa dárí jì í.

Ọdún 2021 yẹn náà ni ọkùnrin Èkó dá owó wa padà. Gbogbo ẹ̀, náírà kan ò dín. Ó bẹ̀ wá, ó ní òun ò rí ẹ́ńjìnì ní iye yẹn mọ́, òun ò sì fẹ́ gbówó olówó dání. Owó tó yẹ kó ra méjì ò ra ọ̀kan mọ́, àmọ́ kì í ṣòun ló jẹ ẹ́. A gbé owó fún Alhaji, wọ́n fi kọ́ ilé adìẹ. Bọ̀dá ò sọ ohunkóhun nípa "ó ti náwó wa" mọ́, èmi náà ò sọ. A kàn jọ dákẹ́ lé e lórí ni.

## Odò tó gbẹ níbi tí a ò rí

Kí wọ́n tó ṣí rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, Àrò yìí náà lọkọ̀ tó ń gba odò Ògùn bọ̀ láti Èkó ti ń gúnlẹ̀. Epo àti òwú ń lọ, aṣọ àti iyọ̀ ń bọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà, ọkọ̀ ò ní lè wá bó ṣe yẹ, ọjà á wọ́n. Ohun tí mò ń rò ni pé, ẹni tó wà l'Abẹ́òkúta nígbà yẹn, tí iyọ̀ bá wọ́n, ó lè rìn lọ sí etí odò kó fojú ara ẹ̀ rí ìdí ẹ̀. Yanrìn á ti yọ láàárín omi. Kò ní sọ pé ìyá oníyọ̀ ló jẹ́ olè.

Tiwa kọ́ báyẹn. Odò tó gbẹ fún wa, Texas ló ti gbẹ, Suez ló ti dí, inú ọkàn ẹnì kan tó ń sá fún ikú ní etí adágún Michigan ló ti bẹ̀rẹ̀. A ò rí yanrìn kankan. Ẹni tá a rí ni ọkùnrin Èkó, ẹni tá a rí ni màmá oní-fóòmù, òun la sì bú. Ẹni tí Alhaji náà rí ni èmi, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n pè mí lẹ́yìn nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran, àmọ́ ẹni tó dúró níwájú wa gan-an ni ojú ẹkún ń rí.

Mo sọ gbogbo èyí fún Bọ̀dá lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú nọ́ńbà tí mo kà, mo ní àwọn ará ibẹ̀ ò ṣe wá níbi, ìlà ló gùn. Wọ́n fi sáńpépà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìlà wo? Ẹni tó lówó kì í tò. Tó bá jẹ́ ìlà ni, èmi tí mo ti san owó mi lóṣù kẹta, ẹni tó wá lóṣù keje ò yẹ kó ṣáájú mi." Mo fẹ́ fèsì, mi ò rí i fọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òótọ́ ni pé àwọn bàbá Florida ò mọ̀ wá débi tí wọ́n á fi ṣe wá níbi, òótọ́ sì ni pé àìmọ̀ wọn ò sọ wá di ẹni iwájú. Méjèèjì ni mo gbé dání báyìí, mi ò tíì mọ èyí tí mo máa gbé sílẹ̀.

Nǹkan tún wá yí padà lọ́hùn-ún o. Nígbà tí báńkì wọn gbé èlé sókè, láti bíi 2023 lọ, àwọn tó ń ra ọkọ̀ dín kù, àwọn tó ń tà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa kó o kúrò nílẹ̀ fún wọn. Mo rí ìpolówó ọkọ̀ kan lórí fóònù mi láìpẹ́ yìí, ẹsẹ̀ bàtà 18 náà ni, àga ẹ̀ funfun báláú, wọ́n ti fi ìlà pupa fagi lé iye àkọ́kọ́. Mo fi han Bọ̀dá. Wọ́n wò ó fínnífínní, wọ́n fi ìka fẹ ojú fóònù, wọ́n ní wọn ò yọ́ eteetí ẹ̀ dáadáa.

Mo pe ọkùnrin Èkó. Mo ní mo kàn fẹ́ kí i ni, mi ò lè sọ fún un pé èébú tí mo bú ú lẹ́yìn ni mo wá tọrọ àforíjì ẹ̀. Ó rántí wa. Ó ní sólà lòun ń tà báyìí, ṣé a nílò bátìrì.

Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀rọ̀ obìnrin ẹlẹ́ja ránṣẹ́ sí Alhaji, torí ọkọ̀ wọn ṣì ni, ká má parọ́. Mo kọ ọ́ gùn, mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀. Èsì wọn ò ju ìlà kan lọ: "Ẹ tà á fún un, ẹja náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbafẹ́."

Obìnrin náà padà wá lánàá pẹ̀lú tépù. Ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó wá dúró síbi tí Bọ̀dá gé sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ fún ẹ́ńjìnì. Ó ní ẹja máa gba ibẹ̀ fò jáde, kí wọ́n bá òun dí i. Bọ̀dá ní résìn àti màátì lèyí fẹ́ jẹ, owó dídí ẹ̀ yàtọ̀ sówó ọkọ̀. Obìnrin náà ní kí ló dé, ihò kékeré yìí náà? Wọn ò tíì fẹnu kò bí mo ṣe ń tẹ èyí.